Ẹ̀yìn Lẹ́ǹsì àti Ojú Bàbá Mi

Tí mo bá gbọ́ òórùn bẹntiróòlù níbikíbi, yálà ní ilé epo tàbí lára aṣọ mẹkáníìkì, ìsọ̀ bàbá mi ní Ọjà Creek Road ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Bẹntiróòlù ni bàbá mi fi ń fọ àwọn ẹ̀yà inú aago, nínú abọ́ pẹrẹsẹ kan tó ti jẹ́ ìdérí agolo bísikíìtì rí. Òórùn yẹn máa ń dàpọ̀ mọ́ ti edé gbígbẹ tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àti ti ẹrẹ̀ etí omi tí atẹ́gùn máa ń gbé wá tí omi bá ti fà sẹ́yìn. Ohun tí à ń pè ní ìsọ̀ yẹn náà, tábìlì kan ni, àpótí onígíláàsì kan lórí rẹ̀, agboòrùn ńlá kan lókè. Àwọn ará ọjà ń pè é ní Papa Watch. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Port Harcourt débi pé tó bá bínú, Pidgin ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí Yorùbá tó dé.

Ojú ni bàbá mi fi ń jẹun. Awò dúdú kékeré kan wà tó máa ń há sí ojú ọ̀tún, á wá tẹ̀ ba bí ẹni tí aago ń sọ̀rọ̀ àṣírí fún. Ó lè fi irin tín-ín-rín gbé ohun tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì, kó sì fi sí àyè rẹ̀ láìmí. Ṣùgbọ́n lásìkò tí mò ń sọ yìí, GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, gbogbo ènìyàn ló ń wo aago lórí fóònù. Nítorí náà, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù lọ́wọ́ rẹ̀, kò yà mí lẹ́nu. Nígbà tó ń kọ aago ọwọ́ àwọn obìnrin, tó ní ti ara ògiri nìkan lòun ń ṣe báyìí, mo ní àgbà ló ń dé. Nígbà tí aago méjì tó tún ṣe padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ní bátìrì ayédèrú ni wọ́n rà, mo sì bá a bú àwọn oníbátìrì. GSM àti bátìrì la di gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rù.

Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọfọ́tò kan ní Rumuomasi nígbà náà, kò jìnnà sí yàrá méjì tí èmi àti bàbá mi ń gbé. Èmi ni mò ń ti fíìmù bọ inú ẹ̀rọ, èmi náà ni mò ń gé fọ́tò. Láti àárọ̀ dalẹ́, ìgbéyàwó ẹlòmíì, ìsìnkú ẹlòmíì, ọjọ́ìbí ọmọ ẹlòmíì ló ń gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá. Ó wá ń wù mí kí n ya tèmi. Mo ra kámẹ́rà àlòkù kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù òkè-òkun nítòsí ìsọ̀ bàbá mi. Ó búra fún mi pé kò sóhun tó ṣe é. Mo gbà á gbọ́, torí pé mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé ẹnu lẹ́ǹsì náà ti kán, kò lè di kámẹ́rà mú. Bí mo bá ti fi sí i ló ń yọ bọ́ sí mi lọ́wọ́ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.

Mo gbé e lọ bá bàbá mi pẹ̀lú omijé lójú. Kò bá mi wí. Ó fi etí aṣọ nu lẹ́ǹsì náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó gbé e sójú, ó sì tẹ̀ ba lórí aago kan tó tú sílẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Iwájú ẹ̀ ló mọ ọ̀nà jíjìn,” ó ní. “Ẹ̀yìn ẹ̀ ló mọ ohun tó wà nítòsí, òun ló ń sọ kékeré di ńlá. Yí ẹ̀yìn ẹ̀ síta, kóo wò ó.”

Òun náà ló bá mi gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, tó fi wé lẹ́ǹsì pọ̀ mọ́ ẹnu kámẹ́rà, ẹ̀yìn lẹ́ǹsì síta, kí ìmọ́lẹ̀ má baà ráyè wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Ó burú lójú wíwò. Ọ̀gá mi ní ilé ìfọfọ́tò ní ó jọ ẹni tó fara pa tí wọ́n di ọrùn rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, ó dà bí ẹni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé kan fún mi tí mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kọjá láti kékeré. Iyọ̀ tí à ń fi sọ́bẹ̀, igun mẹ́rin mẹ́rin ni hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní, wọ́n jókòó bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n dà sílẹ̀ níwájú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Eneka. Èèrà nírun lẹ́sẹ̀. Ìyẹ́ labalábá, ìpẹ́ ni wọ́n tò lé ara wọn lórí bíi páànù òrùlé. Ankara mi kan tí mo rò pé aró nìkan ló wà lára rẹ̀, àṣé òwú funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ohun gbogbo tí mo rò pé mo mọ̀ ni mo tún ń lọ béèrè orúkọ rẹ̀.

Kò sì rọrùn. Kò sí ohun kan tí èèyàn ń yí kí àwòrán tó mọ́. Ara rẹ lò ń sún. Sún díẹ̀ síwájú, ìwo èèrà á hàn. Sún díẹ̀ sí i, ìwo á pòórá, ojú rẹ̀ á wá mọ́ kedere. Ibi tó ń mọ́ yẹn kò nípọn ju bébà lọ. Èémí lásán ti tó láti bà á jẹ́, tóo bá sì sún mọ́ jù, òjìji rẹ á bo ohun tí ò ń wò. Mo fi odidi fíìmù kan ya ìpẹ́ ẹja bonga. Ọ̀gá mi, tó ti ń fọ fọ́tò kí wọ́n tó bí mi, gbá orí mú.

“Na fish skin you carry thirty-six shots snap?” ó bi mí. “My sister, you dey alright so?”

Ṣùgbọ́n òun náà fẹ́ wò ó. Nígbà tí mo ní kó jẹ́ kí n ya ojú rẹ̀, ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, lẹ́yìn náà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó na ọrùn. Mo ti rò pé ojú àwa èèyàn dúdú, dúdú náà ni. Irọ́ ni. Àyíká ẹyinjú ọ̀gá mi ní àwọ̀ oyin, ó ní àwọ̀ obì, ó sì ní ìlà wẹ́wẹ́ tó ń sáré bọ̀ wá sí àárín. Àárín yẹn ló wá dúdú bíi kóró iṣin, tó ń dán, tí ilẹ̀kùn ìta àti èmi alára pẹ̀lú kámẹ́rà mi hàn nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ojú ni mò ń lé kiri. Mo ya ti obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú wa, mo ya ti ìyàwó onílé wa. Kò sí méjì tó jọra.

Ó wá ku ojú bàbá mi. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí bàbá mi bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni mò ń wò. “Ṣé èmi lò ń wò lójú báyẹn?” Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ti tó láti mú ọrùn mi tẹ̀. Ìyá mi ní tirẹ̀, ọmọ Ikwerre ni, kò mọ irú ìyẹn rárá. Tó bá ń bá ẹ sọ̀rọ̀ tóo bojú wo ibòmíì, á di àgbọ̀n rẹ mú: “Look my face when I dey talk to you!” Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn, tí mò ń wo ìyá mi lójú, tí mo sì ń wo bàtà bàbá mi. Gbogbo bàtà tó wọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, mo lè sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti já. Àwọn méjèèjì sì máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí bú ara wọn ṣeré. Ìyá mi á ní àwọn Yorùbá ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀, bàbá mi á ní àwọn Ikwerre fẹ́ fi ojú gún èèyàn pa. Ìyá mi ti kú ní ọdún mẹ́rin ṣáájú ohun tí mò ń sọ yìí. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó ń wo bàbá mi lójú mọ́ nínú ilé wa, bẹ́ẹ̀ ni n kò rò ó rí.

Láàárín ìgbà yẹn, lẹ́ǹsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù. Màá dé láti ibi iṣẹ́, màá bá kámẹ́rà àti rọ́bà rẹ̀ lórí tábìlì, kò ní sí lẹ́ǹsì. Lọ́jọ́ kan tí mo yà sí ìsọ̀ bàbá mi láìsọ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti bá a. Ó ti gbé awò dúdú tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́ǹsì mi ló gbé sójú, tó fi ń wo inú aago.

“Mo kàn ń wò ó ni,” ó ní, ó sì yára nà án sí mi.

Inú mi dùn. Mo rò pé ohun tó ń mú mi ló ń mú òun náà, pé ó dé ọjọ́ ogbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo ohun tó wà lára iyọ̀. Mo ní kó máa mú un nígbàkígbà tó bá fẹ́.

Nígbà tí mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ya ojú rẹ̀, ó ní, “Ojú arúgbó lo fẹ́ fi fíìmù ṣòfò lé lórí?” Ṣùgbọ́n nígbà tó di Sátidé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé orúnkún. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò sún mọ́ ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ń gbọ́ òórùn ọṣẹ tó fi bọ́jú. Mo ní láti fi kámẹ́rà bo ojú ara mi kí n tó lè wo tirẹ̀. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo dìde, mo sì dúpẹ́.

Nígbà tí fọ́tò náà jáde láti inú ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé, mo pòṣé. Àárín ẹyinjú tó yẹ kó dúdú bíi ti àwọn yòókù, àwọ̀ omi ìrẹsì ló ní. Mo ní lẹ́ǹsì mi ti bu. Ìwọ náà mọ ọ̀rinrin ìlú yẹn: bàtà awọ tóo bá gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ méjì, á hu irun. Mo nu lẹ́ǹsì, mo sá a sóòrùn. Mo tún ojú ọ̀gá mi yà, ó mọ́ kedere. Mo tún ti bàbá mi yà, omi ìrẹsì. Mo wá ní ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wa ni kò dáa. Mo tún fọ́tò náà fọ̀ lọ́nà mẹ́ta, mò ń fi kún dúdú, mò ń dín funfun kù, kí ojú bàbá mi lè rí bí ojú tó yẹ kó rí. Ẹ̀kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Inú mi tilẹ̀ ti ń dùn sí i.

Orí káńtà ni mo fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí nígbà tí nọ́ọ̀sì kan wọlé, tó wá gba fọ́tò ìsàmì ọmọ rẹ̀. Ó mú èyí tó funfun jù nínú wọn.

“Who get this eye?”

“Na my papa,” mo dáhùn. “Na the lens spoil am.”

Ó gbé e sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó wò ó dáadáa. “Lens no do anything, my dear. Na cataract be this, and e don tey. Your papa dey see so?”

Mo ní ó ń ríran. Mo ní aago ló ń tún ṣe.

“Watch?” ó ní, ó sì wá ń wò mí. “With this eye?”

Gbogbo ohun tí mo ti dì rù GSM ló padà wá bá mi níbi tí mo dúró sí: aago àwọn obìnrin tó ń kọ̀, bátìrì ayédèrú, lẹ́ǹsì mi tó ń sọnù. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà wa ló ń sọ bẹ́ẹ̀, àwọn náà ló sì kọ́ mi kí n má wo ojú. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé oúnjẹ ka iwájú ọkùnrin yìí. Mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko tún ojú rẹ̀ ṣe lórí bébà.

Nọ́ọ̀sì náà ní iṣẹ́ abẹ ló ń wo irú ojú funfun bẹ́ẹ̀ sàn, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún mi. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé kò ríran? Nígbà tí a jẹun tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kàn fi fọ́tò náà lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó yí i po.

“Ẹnu kànga ni,” ó ní. “Níbo lo ti yà á?”

“Ojú yín ni, Bàbá.”

Ó rọra fi fọ́tò náà lé orí tábìlì, bí ẹni tó fi nǹkan ẹlẹgẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá ló ní, “Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti mọ̀.” Bí ti bàbá tirẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn, ó ní, ọdún mẹ́sàn-án ni ọkùnrin náà fi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń fà á lọ́wọ́ lọ síbi tó bá fẹ́ lọ. Ó ti gbà pé tòun náà ti dé. Etí ló kù tó fi ń ṣiṣẹ́, tó ń gbọ́ bí aago ṣe ń dún, àti lẹ́ǹsì mi. “Tí ọjà bá gbọ́ pé Papa Watch ò ríran,” ó bi mí, “ta ni yóò tún gbé aago wá?”

Mo ní ká lọ sílé ìwòsàn, ó ní rárá. Wọ́n fẹ́ ki ọ̀bẹ bọ ojú òun? Èyí tó kù díẹ̀ náà ni wọ́n máa pa. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, kò gbọ́. Ni mo bá rántí àlàyé nọ́ọ̀sì yẹn. Mo dìde, mo tú àpò iṣẹ́ rẹ̀, mo mú aago ògbólógbòó kan jáde tí ojú rẹ̀ ti họ yánnayànna, mo sì fi lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀.

“Bàbá, tí gíláàsì aago bá ti họ báyìí tí èèyàn ò rí inú rẹ̀ mọ́, ṣé ẹ máa ń sọ pé aago ti kú?”

“Aago wo ló kú? Gíláàsì lèèyàn ń pààrọ̀.”

“Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ̀rọ inú rẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀,” ó ní. Àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì wà lójú aago náà.

Mo ní ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Lẹ́ǹsì kékeré kan wà nínú ojú, òun ló ti funfun. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i. Ó gbé aago náà sílẹ̀. “Iṣẹ́ mi lo fi mú mi,” ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó wá béèrè bóyá wọ́n máa ń fọ inú rẹ̀ kí wọ́n tó dé e.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ tú ohun tí wọ́n fi bo ojú náà. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo há aṣọ mi mọ́ eyín. Ó la ojú, ó pa á dé, ó tún un là. Ohun tó kọ́kọ́ wò ni aago ara ògiri.

“Aago yín ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin sẹ́yìn,” ó sọ fún wọn. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, èmi ń fi tèmi sunkún.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. “Àṣàkẹ́.” Mo ní, “Sà.” Kí n tó mọ̀, ojú mi ti wà nílẹ̀, lára sálúbàtà rẹ̀, bó ṣe máa ń wà.

“Gbójú sókè,” ó ní. “Jẹ́ kí n wò ọ́.”

Mo gbé e sókè. Kò sí kámẹ́rà lójú mi. Àárín ojú rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin, fèrèsé wà nínú rẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ó ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún padà wá sí ojú.

“Bí o ṣe wá jọ ìyá ẹ tó nìyí?” ó ní. “Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.”

Ọdún mẹ́fà sí i ló fi tún aago ṣe lẹ́yìn ìyẹn, títí kan ti àwọn obìnrin. Mo ní kámẹ́rà gidi lónìí, àti lẹ́ǹsì tí wọ́n dìídì ṣe fún ohun kékeré, ṣùgbọ́n èyí tó kán lẹ́nu yẹn wà lórí tábìlì mi, rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà kan, mo máa ń rò pé ohun tó kọ́ mi ni pé ká máa sún mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n mo sún mọ́ bàbá mi tó, ògiri kan ló pín wa níyà. Wíwò ni n kò wò ó, mo sì ń pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀. Bí àwọn ọmọ mi bá kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, mo máa ń di àgbọ̀n wọn mú, màá ní kí wọ́n gbójú sókè. Wọ́n rò pé mo fẹ́ wo ojú wọn ni. Mo fẹ́ kí wọ́n wo tèmi.